Garawa Ẹ̀bùn Tí Wọ́n Sọ Di Ẹ̀rí

Ilé Edeltrudes dos Anjos,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì São Brás,
Coroa Funda,
Ìpínlẹ̀ Bahia.

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹjọ, ọdún 2019.

Sí Alága àti Àwọn Ọmọ Ìgbìmọ̀
Tí Ń Gbọ́ Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn lórí Owó Ìrànwọ́ Aláìlera,
Òpópónà Etí Odò,
Vila do Sobrado,
Ìpínlẹ̀ Bahia.

Ẹ̀yin Ọ̀gá tí ọ̀rọ̀ mi wà lọ́wọ́ yín,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ TÚN Ọ̀RỌ̀ MI GBÉ YẸ̀ WÒ: OWÓ ÌRÀNWỌ́ TÍ WỌ́N FI DÙ MÍ NÍTORÍ GARAWA KAN

1. Orúkọ mi ni Edeltrudes Conceição dos Anjos. Deta ni gbogbo Coroa Funda ń pè mí. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí, opó ni mí, iṣẹ́ tí mo sì ń ṣe láti kékeré ni kíkó chumbinho nínú ẹrẹ̀ etí òkun. Mo kọ ìwé yìí láti ta ko ìpinnu tí ọ́fíìsì yín fi ránṣẹ́ sí mi ní oṣù tó kọjá, níbi tí wọ́n ti sọ pé ara mi dá ṣáṣá, kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ mi.

2. Ó ṣeé ṣe kí ẹ máa rí chumbinho nínú abọ́ ọbẹ̀ nìkan, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀nà tí ó ń gbà dé ibẹ̀. Nígbà tí omi òkun bá fà, a ó wọ inú ẹrẹ̀, a ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ó máa fi ṣíbí wá ìkarahun kéékèèké tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Orí ìbẹ̀rẹ̀ ni a ó wà títí omi yóò fi máa padà bọ̀. A ó ṣàn wọ́n, a ó rù wọ́n wálé, a ó sè wọ́n lórí iná igi kí ìkarahun wọn lè lanu. Lẹ́yìn náà ni a ó wá jókòó sórí àpótí, tí a ó máa fi àtàǹpàkò já ẹran inú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìyá mi ṣe é, ìyá rẹ̀ náà ṣe é. Kò sí ẹnìkan tó fi ipá mú mi, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà kí ó tó ṣe mí léṣe.

3. Ìrora yìí kò dé lójijì. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gun ìgúnpá, ó gun èjìká, ó wá jókòó sí ẹ̀yìn ọrùn mi bí ẹni pé ilé bàbá rẹ̀ ni. Ọwọ́ òsì náà ti ń tẹ̀ lé e. N kò lè fún aṣọ mọ́. N kò lè ya irun orí ara mi. Ife kọfí, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń gbá a mú bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Bí mo bá fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, ìrora yóò jí mi. Bí mo bá yí sí òsì, yóò tún jí mi. Dókítà Leonor Quaresma, tó ń tọ́jú wa ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní abúlé wa, ti ń tọ́jú mi láti ọdún pípẹ́. Ó kọ ọ́ kedere pé iṣan ọwọ́ àti ti èjìká mi ti gbó, pé iṣẹ́ yìí ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀, àti pé bí mo bá padà sínú ẹrẹ̀, ọwọ́ náà yóò kú pátápátá. Ìwé rẹ̀ tún wà nínú àpòòwé yìí, nítorí ó jọ pé ẹnikẹ́ni kò ka ti àkọ́kọ́.

4. Ẹni tí ọ́fíìsì yín yàn láti yẹ̀ mí wò ni Dókítà Heitor Vasques. Ohun tí ó kọ nípa mi nìyí, mo tún un kọ láìyọ ọ̀rọ̀ kan: "Olùbéèrè gbé ẹrù tó wúwo wọlé lórí rẹ̀, ó sì sọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀ láìsí àmì ìrora. Nígbà tí a béèrè àlàáfíà rẹ̀, ó ní ara òun le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àwòrán egungun rẹ̀ kò fi àbùkù kankan hàn. Ó lè ṣe iṣẹ́ tó fúyẹ́ lórí ìjókòó, irú bíi yíyọ ẹran kúrò nínú ìkarahun." Nígbà tí mo kà á tán, mo yí àpòòwé náà padà láti wo orúkọ ara rẹ̀, nítorí mo rò pé ti ẹlòmíràn ni wọ́n ṣèèṣì fi ránṣẹ́ sí mi. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn, nítorí pé ìlà tó wà nísàlẹ̀ yẹn ni ó há mi lọ́fun.

5. Iṣẹ́ tó fúyẹ́. Ẹ̀yin Ọ̀gá, yíyọ ẹran nínú ìkarahun gan-an ni ó ba ọwọ́ mi jẹ́! Ohun tí mo wá fi sùn lọ́dọ̀ yín ni ẹ mú, tí ẹ tún nà sí mi pé kí n máa fi ṣe oògùn. Bí ọkùnrin kan bá jábọ́ lórí igi àgbọn tí ó kán lẹ́yìn, ṣé ẹ ó ní kí ó máa gun èyí tó kúrú?

6. Ní ti àwòrán egungun: n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé egungun ló ń dùn mí. Iṣan ni Dókítà Leonor kọ sínú ìwé rẹ̀.

7. Ní ti pé mo ní ara mi le. Òótọ́ ni, mo sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè àlàáfíà ẹni ní Coroa Funda, ohun tí à ń dáhùn nìyẹn, ìbáà jẹ́ pé ilé ń jó lẹ́yìn wa. Nígbà tí Agenor ọkọ mi wà lórí ẹní tí kò dìde kúrò níbẹ̀ mọ́, Fadá wá ta òróró sí i lórí, wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Agenor, báwo lara?" Ó ní, "Ara le, Fadá, ọpẹ́ ni. Àwọn ará ilé ńkọ́?" A sin ín kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ìkíni ni, kì í ṣe èsì àyẹ̀wò. Ọmọ Bahia ni Dókítà Vasques, ó yẹ kí ó mọ̀.

8. Ó wá ku ti garawa. N ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, torí pé orí rẹ̀ ni ẹjọ́ mi dúró lé.

Lọ́dọ̀ wa, a kì í fi ọwọ́ òfo wọlé tọ ẹni tí a fẹ́ bẹ̀ lọ́wẹ̀. Àbùkù ńlá ni. Ẹni tó ni ẹ̀bùn náà ni ó sì gbọ́dọ̀ gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà. Bí ẹlòmíràn bá bá a gbé e wọlé, ẹni yẹn ni ó fúnni, kì í ṣe òun. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn.

Nígbà tí ọjọ́ àyẹ̀wò mi ń sún mọ́ tòsí, ẹyọ chumbinho kan kò sí nínú ilé mi, nítorí pé ó ti pẹ́ tí mo ti wọ ẹrẹ̀ gbẹ̀yìn. Valdelice, àbúrò ọkọ mi tí a jọ ń gbé, tí a ń ta gbogbo èyí tó bá kó ká lè jẹun, ló lọ yá garawa Railda aládùúgbò wa, tí ó sì ń gbé e kiri láti ilé dé ilé. Ẹni kọ̀ọ̀kan bù díẹ̀ nínú èyí tí ó kó lọ́jọ́ náà. Wọ́n tún kóra jọ sí àgbàlá mi, wọ́n ń bá mi yọ ọ́. Èmi náà jókòó láàárín wọn, mo ká ọwọ́ lé itan bí àlejò. Railda ní, "Deta, ìwọ tí ò ń fún gbogbo ayé jẹ, ìwọ lo wá di ẹni tó ń tọrọ! Garawa mi náà sì lo fi ń tọrọ!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ omi ti lé sí mi lójú. Ìyá Bernardina, tó dàgbà jù nínú wa, ní, "Ẹ bù ú kún dáadáa o. Tó bá kéré, dókítà á ní ìrora Deta náà kéré ni." A tún rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí pé a rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, Valdelice ló ru garawa náà láti ilé dé inú ọkọ̀ ojú omi, òun ló gbé e lé itan nínú bọ́ọ̀sì, òun ló rù ú gun òkè lọ sí ọ́fíìsì yín. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ mi, ọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní aláìsàn nìkan ló ń wọlé. Valdelice wò mí lójú, ó ní, "Ìyàwó wa, jẹ́ n sáré bá ẹ gbé e wọlé, màá sì jáde kíá." Mo ní, "Tí o bá gbé e wọlé, ìwọ lo fún un nìyẹn. Gbé e rù mí." Ó ní, "Pẹ̀lú ọrùn wo?" Mo ní kó gbé e rù mí ṣáá. Orí ni ó gbé e lé, Ẹ̀yin Ọ̀gá, nítorí pé ọwọ́ mi kò lè dì í mú. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ mi dá, ọwọ́ ni ǹ bá fi gbé e bíi ti gbogbo èèyàn.

Láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí tábìlì, kò gùn ju iyàrá mi lọ. Ojú mi ti ń ṣú kí n tó dé ibẹ̀. Dókítà dìde, ó ní, "Áà, Màmá, kí lẹ gbé wá yìí? Ẹ rọra o, ẹ jẹ́ n bá yín sọ̀ ọ́." Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ni ó fi gbé garawa náà kúrò lórí mi. Ó ṣí aṣọ tí a fi bò ó, ó fimú fa òórùn rẹ̀, ó ní, "Chumbinho! Ẹ ò rí i pé ọbẹ̀ moqueca ti ọjọ́ Sọ́ńdè ti délé! Inú ìyàwó mi á dùn. Màmá, ṣé dáadáa lẹ wà?" Mo ní, "Ara le, dókítà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run." Gbogbo ohun tí a sọ nípa ara mi nìyẹn. Ó na àwòrán egungun mi sí ojú fèrèsé, ó kọ nǹkan, ó ní kí n máa lọ. Kò tẹ èjìká mi wò. Kò ní kí n na ọwọ́ sókè. Nínú gbogbo ohun tí mo gbé wọ iyàrá yẹn, garawa nìkan ni ó fọwọ́ kàn.

Òun náà ló wá kọ ọ́ pé mo sọ ẹrù kalẹ̀ fúnra mi.

N kò sọ pé ó gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yẹn sí mi lẹ́nu. Ẹ̀bùn ni, mo fún un tọkàntọkàn, bí ó bá sì kọ̀ ọ́, ǹ bá sunkún délé. Ohun tó ká mi lára ni pé ó gba ẹ̀bùn náà tán, ó tún fi nà mí. Ká ní ó béèrè pé, "Màmá, níbo lẹ ti rí eléyìí kó?" ni, ǹ bá sọ fún un pé àwọn aládùúgbò ló dá a fún mi, ìbá sì mọ̀ pé obìnrin tó ń kó chumbinho tí ó wá ń tọrọ chumbinho kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Kò béèrè. Railda àti Ìyá Bernardina ti ṣe tán láti wá jẹ́rìí síwájú yín nígbàkigbà.

9. Ẹ ó rí i pé ìkọ̀wé yí padà láti ìpínrọ̀ yìí. Ọwọ́ mi ti kọ̀ṣẹ́. Èmi ń sọ ọ́, Valdelice ń kọ ọ́. Ó ní òun fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tòun sí i, mo ní ìwé ìjọba ni, kì í ṣe ibi tí à ń bínú sí. Ó ní ọwọ́ òun ni bírò wà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyí: "Ẹ̀yin ọ̀gá, èmi Valdelice ni mo ru garawa yẹn láti ilé dé ẹnu ọ̀nà dókítà. Tó bá jẹ́ ẹni tó lè rẹrù lẹ ń wá, èmi rèé, ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi yìí, èmi ni mò ń bá a ya irun, èmi ni mò ń bá a de bọ́tìnnì. Kí dókítà yẹn wá síbí, kó wá jókòó sórí àpótí pẹ̀lú wa látàárọ̀ dalẹ́, kó wá sọ fún mi pé iṣẹ́ fúyẹ́fúyẹ́ ni. Màá se moqueca fún un nígbà tó bá ṣe tán, tó bá ṣì lè di ṣíbí mú."

Mo tọrọ àforíjì lórí ohùn tí ó fi sọ ọ́. N kò tọrọ àforíjì lórí ohun tí ó sọ.

10. Mo ti gba bírò padà. Ẹ má bínú sí bí ìlà náà ṣe wọ́, n kò fẹ́ kí Valdelice ka èyí ni. Láti ìgbà tí n kò ti lè ṣiṣẹ́ mọ́, òun ló ń kó chumbinho èèyàn méjì. Bí ó bá kó tirẹ̀ tán, yóò tún bẹ̀rẹ̀ padà láti kó tèmi, òun náà ni yóò sì yọ gbogbo rẹ̀. Ní bí oṣù mélòó kan báyìí, mo ń rí i tí ó ń gbọn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Bí mo bá béèrè, yóò ní òun sùn lé e ni. Mo mọ irọ́ yẹn. Èmi náà pa á fún Agenor, ọ̀rọ̀ kan náà gan-an, ní ọdún tí tèmi bẹ̀rẹ̀. Ní àárọ̀ àná, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ òsì mú un nílẹ̀, ó ń kọrin lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Mo yíjú sí ògiri kí ó má baà rí mi.

Ọwọ́ tèmi ti lọ, Ẹ̀yin Ọ̀gá. Owó yín kò lè dá a padà. Ti Valdelice ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Bí owó ìrànwọ́ bá wọlé, yóò máa kó ti ẹnìkan ṣoṣo, yóò sì lè sinmi nígbà tí ó bá ń dùn ún. Bí kò bá wọlé, n ó padà sínú ẹrẹ̀ nígbà tí omi bá tún fà dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìka mi kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́, nítorí n kò lè jókòó sílé kí n máa wo ọmọ ìyá ọkọ mi bí ó ṣe ń di èmi.

11. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín pé kí ẹ fagi lé ìpinnu náà. Kí ẹ fi dókítà mìíràn yẹ̀ mí wò, ẹni tí yóò fọwọ́ kàn mí. Kí ẹ yọ ọ̀rọ̀ garawa kúrò nínú ìwé mi, tàbí bí ẹ kò bá ní yọ ọ́, kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ tán: ẹni tó rù ú wá, àwọn tó dá ohun inú rẹ̀ jọ, ẹni tó sọ̀ ọ́, àti ẹni tó gbé e lọ sílé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi rán Dókítà Vasques létí pé garawa náà kì í ṣe tèmi. Ti Railda ni, aláwọ̀ búlúù, ọwọ́ rẹ̀ ti já lápá kan, a sì fi okùn so ó. Gbogbo ìgbà tí Railda bá gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá ni ó ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

12. Lọ́jọ́ tí ẹ bá pè mí, ọwọ́ òfo ni n ó gbé wá. Ẹ má pè é ní àfojúdi. Ìtìjú ńlá ni fún mi, ìyá mi kò sì tọ́ mi bẹ́ẹ̀. Bí dókítà tuntun náà bá béèrè àlàáfíà mi, n ó sọ òtítọ́ fún un, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ ọn láti gbọ́ ọ, bí kò sì rọ̀ mí lọ́rùn láti sọ ọ́. Kí ó kọ ìyẹn náà sínú ìwé bí wọ́n ṣe kọ ti àkọ́kọ́: obìnrin yìí kò gbé nǹkan kan wọlé, kò sì dúpẹ́.

Mo ń retí ìdáhùn yín kí omi tó tún fà dáadáa.

Èmi tí ẹ ní ara rẹ̀ le,

Edeltrudes Conceição dos Anjos (Deta),
Akó-chumbinho nígbà kan rí, Coroa Funda.